Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin onísùkúù àdáni ní Mainland: ẹ yéé kó ọmọ wa lọ mọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí Èkó

Ẹ̀yin ọ̀gá wa onísùkúù, ẹ̀yin mọ̀mí proprietress àti dádì proprietor, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà ọmọ ọlọ́mọ. Dírẹ́bà ni mí, Coaster ni mò ń wà, apá Bàrígà, Ṣómólú, Akọ́kà, Yaba títí dé Múṣin ni mo ti máa ń bá àwọn sùkúù gbé ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ lọ èsìkọ́ṣọ̀n, mo sì tún jẹ́ bàbá ọmọ, èmi náà ń san owó èsìkọ́ṣọ̀n yẹn, torí náà ẹ má wò ó pé kí ló kan dírẹ́bà. Mi ò dárúkọ sùkúù kankan o, ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni kó rọra máa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà ò le. Gbogbo ìgbà tí èsìkọ́ṣọ̀n bá ti tó, mọ́ọ̀lù lẹ máa ń ní ká lọ. Ká kó ogójì ọmọ lọ mọ́ọ̀lù, kí wọ́n gun àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, kí wọ́n lá ice cream, kí wọ́n jẹ ṣíkínì, kí tíṣà ya fọ́tò sí WhatsApp àwọn pẹ́rẹ́ǹtì, ó tán, ẹ yí mọ́tò padà. Àwọn tówó wọn pọ̀ jù nínú yín tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ lọ Dubai, fọ́ọ̀mù á dé ilé, ìyá ọmọ á máa wo bàbá ọmọ, bàbá ọmọ á máa wo àjà. Mi ò ní kí olówó má náwó ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti wọ bàálù kọjá òkun, tí ò dé Àgbádárìgì rí, tí ò mọ̀ pé ìpínlẹ̀ kan náà ni Ẹ̀pẹ́ àti àdúgbò tiwọn, tó jẹ́ pé orí tẹlifíṣọ̀n ló ti rí Iga Idunganran, ààfin Ọba Èkó, ṣé ẹ̀yin náà ò rí i pé nǹkan kan wọ́ níbẹ̀?

Ẹ wò ó, ìpínlẹ̀ Èkó ni ilẹ̀ ẹ̀ kéré jù ní gbogbo Nàìjíríà. 3,577 square kilometre ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún un, omi sì gba ju ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ Niger nìkan, ẹ lè kó Èkó bíi 21 sínú ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé ẹ̀gàn ni, àmọ́ fún èmi tí mò ń wa mọ́tò, ìròyìn ayọ̀ ni, torí kò sí ibì kankan láti bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ títí dé òpin Ẹ̀pẹ́ tí mi ò lè gbé ọmọ yín lọ láàárọ̀ kí n sì dá wọn padà fún ìyá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí pé ẹ ń wá hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí pé ẹ ń wá fíísà. Jíjìn kọ́ ló ń yọ wá lẹ́nu ní Èkó, gó-sílò ni, gó-sílò sì ní àsìkò tiẹ̀ àti ojú ọ̀nà tiẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á yà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àsìkò, torí òun ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ nínú yín, Fúráìdeè tó kẹ́yìn tẹ́ẹ̀mù lẹ máa ń mú. Fúráìdeè kẹ̀! Ọjọ́ tí gbogbo Èkó ń múra òde, tí Third Mainland á ti kún kó tó di aago mẹ́ta, afárá tí gbogbo gígùn ẹ̀ ò ju 11.8 kìlómítà lọ á wá gba odindi ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, àwọn ọmọ á máa sunkún pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, tíṣà á máa ṣàlàyé lórí fóònù fún pẹ́rẹ́ǹtì tó ti ń jágbe. Ẹ mú Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè láàárín tẹ́ẹ̀mù, kí òjò má tíì máa rọ̀ gidi. Kí mọ́tò kúrò ní géètì ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ó ti yá jù, àmọ́ ọmọ tó fẹ́ lọ òde kì í sùn, àwa òbí loorun ń kùn.

Ìkejì, àárọ̀ ni gbogbo ayé ń ti Mainland, Ìkòròdú àti Okokomaiko wọ àárín ìlú àti Island. Ẹ̀yin náà á tún wá kó ọmọ sínú ẹ̀. Kí ló dé tá ò fi ní kọjú síbi tí wọ́n ti ń bọ̀? Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà Àgbádárìgì tàbí ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, láàárọ̀ àwọn ń fà wọlé, àwa ń sáré jáde, nírọ̀lẹ́ àwọn ń fà jáde, àwa ń sáré wọlé. Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn o, mo kàn fi ta yín lọ́rẹ ni.

Ká mú Àgbádárìgì. Tó bá jẹ́ ibì kan péré lẹ lágbára láti kó ọmọ lọ lọ́dún, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, pàápàá fún praimari fáìfù sókè, torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wúwo fún ọmọ kékeré. Lójú ọ̀nà yẹn ẹ máa bá kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ máa bá immigration, ẹ máa bá ọlọ́pàá, wọ́n pọ̀ nítorí bọ́dà tó wà níwájú, kí tíṣà yáa mú lẹ́tà sùkúù dání àti orúkọ gbogbo ọmọ tó wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹnì kan ò ní dá yín dúró pẹ́. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ọmọ ìlú tó mọ̀tàn tó ń múni yíká, ẹ san owó ẹ̀ fún un, ẹ má ní kí tíṣà máa ka Wikipedia sétí àwọn ọmọ nínú oòrùn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣì wà níbẹ̀. 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí ẹ̀, ó ti tó 180 ọdún tó ti wà lórí ìdúró, etí ọ̀sà níbẹ̀, nínú iyọ̀ àti atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé tá a kọ́ lánàá ní Mainland yìí ń wó lé wa lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi yàrá tí Àjàyí Crowther lò han èèyàn. Ọmọ tó ń ka Bíbélì Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kó dúró níwájú yàrá ẹni tó ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ẹ̀. Kò jìnnà síbi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀, níbi tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, ti wàásù ní September 1842. Igi náà ti wó láti 1959, òkúta ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí.

Àmọ́ Baracoon Seriki Abass ni ibi tí mo máa ń rí i tí bọ́ọ̀sì olóhùn líle máa ń dákẹ́. Inú àwọn yàrá kékeré yẹn ni wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ òkun tó dé, 40 yàrá ni wọ́n máa ń sọ pé ó wà níbẹ̀ nígbà náà, fèrèsé tó wà lára ẹ̀ ò ju kí èèyàn na ọwọ́ sí i lọ. Ọkùnrin tó ni ilé yẹn, òun fúnra ẹ̀ wọ́n ti mú un lẹ́rú lọ sí Brazil rí, ó padà wálé, ó wá di oníṣòwò ẹrú, ó sì di ènìyàn ńlá nílùú. Ọmọkùnrin kan tá a jọ lọ bi tíṣà ẹ̀ pé, "Ṣé ó ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe òun ni?" Tíṣà wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Irú ìbéèrè yẹn ò lè jáde lẹ́nu ọmọ ní mọ́ọ̀lù láéláé, ohun tó lè bi yín níbẹ̀ ni pé ṣé ketchup ò tíì tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ọjà ẹrú Vlekete, lẹ́yìn náà ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu, ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà gan-an. Kànga kan wà lọ́nà tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún wọn lómi ẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, ẹ rìn díẹ̀ sí i nínú yanrìn, òkun á yọ sí yín, òpó méjì ló dúró níbẹ̀ tó kọjú sí Atlantic. Kí olúkúlùkù ọmọ mú omi tiẹ̀ àti fìlà, oòrùn ibẹ̀ ò mọ ọmọ olówó. Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ Ègùn. Àwọn ọmọ wa rò pé Yorùbá àti òyìnbó nìkan ni èdè Èkó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ìyá tó ń ta àgbọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Èkó bíbí tó ń sọ Ègùn wà, kì í ṣe àlejò.

Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Ohun tẹ́ ẹ máa ń wí fún mi ni pé Ẹ̀pẹ́ ti jìn jù, pé gó-sílò Ajah á pa wá. Ta ló ní kẹ́ ẹ gba Ajah? Láti Mainland, Ketu la ó bá já, Mile 12, Ìkòròdú, Imota, Itoikin, a ti wọ Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, oko la ó máa wò lọ, ọmọ tí ò rí pákí nínú ilẹ̀ rí á rí i. Ní Imota yẹn, ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní January 2023, tó lè fọ 32 tọ́ọ̀nù láàárín wákàtí kan. Ẹ kọ lẹ́tà ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ wò ó bóyá wọ́n á jẹ́ kí àwọn ọmọ wo bí ìrẹsì ṣe ń kúrò lára èèpo, ìrẹsì tí wọ́n ń dà nù nínú kúlà oúnjẹ wọn lójoojúmọ́.

Ní Ẹ̀pẹ́, ọjà ẹja Oluwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, kí oòrùn tó mú. Ọmọ JSS 1 kan wà tí mo gbé rí tó rò pé fíríìsà ni ẹja ń gbé, mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, Títùs àti kòtẹ́ ló mọ̀, yìnyín ló sì ti ń bá wọn. Ní Oluwo, ọ̀bọ̀kún ń jà nínú agbada, àrọ̀ ń fi irù gbá èèyàn, akàn ń wọ́ kiri, ọ̀yà àti àwọn ẹran ìgbẹ́ mìíràn wà lápá kan, àwọn ìyá tó ń bá èèyàn họ ẹja ń yọ ìpẹ́ bíi pé wọ́n ń kọrin. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lówó kékeré, ẹ ní kí wọ́n lọ ná ẹja lédè Yorùbá, ẹ̀yin tíṣà ẹ má dá sí i. Ìṣirò nìyẹn, Yorùbá nìyẹn, social studies nìyẹn, ìwà ọmọlúàbí náà wà níbẹ̀, torí ìyá ẹlẹ́ja ò ní tà fún ọmọ tí ò kí i. Ẹgbẹ́ tó bá na owó tí wọ́n fún un tán lórí ẹja kékeré kan, wọ́n á gbọ́ yẹ̀yẹ́ títí a ó fi padà dé Ìkòròdú.

Ìtàn Ẹ̀pẹ́ náà tún wà. Nígbà tí òyìnbó yìnbọn ọkọ̀ ogun lu Èkó ní December 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò kí Akíntóyè lè padà sórí oyè, Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi wà tí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ sì wà, tí wọ́n sì ń ṣe ọdún Kayokayo títí dòní láti rántí dídé ẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá dé Ẹ̀pẹ́, kó bi wọ́n nípa ìdílé ẹ̀, ó lè bá ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ pàdé. Erédò Súngbọ́ tún wà lápá Erédò, yàrà ńlá tí àwọn baba ńlá gbẹ́ yí ilẹ̀ ká, tó ju 160 kìlómítà lọ, ibi kan jìn tó 20 mítà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan ló wọ tiwa. Ẹ má kó ọmọ kékeré síbẹ̀, ẹ má sì lọ lásìkò òjò, ó ń yọ̀.

Island wá kù. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ Island o, mo kàn ní kẹ́ ẹ má fi Coaster mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mò ń jẹun lórí táyà ni mò ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Mile 2, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ wọ rélùwéè Blue Line. Láti September 2023 ló ti ń gbé èrò, 13 kìlómítà ni, ìdúró márùn-ún ló ní, iná mànàmáná ló ń lò, ó sì gba orí omi kọjá wọ Marina. Ẹ ra Cowry card, káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ má lọ máa to ogójì ọmọ sórí ìlà níbẹ̀. Ìrìn àjò yẹn nìkan tó èsìkọ́ṣọ̀n, tí ọkọ̀ ojú irin bá ti gun orí omi, tí àwọn ọmọ rí ọkọ̀ ńláńlá Apapa lápá kan àti àwọn ilé gíga Marina lápá kejì, kò sí ọmọ tó máa wo fóònù.

Tẹ́ ẹ bá ti dé Marina, Oníkán lẹ ó kọrí sí, torí gbogbo ẹ̀ wà lójú kan. National Museum tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1957 wà níbẹ̀, mọ́tò Mercedes tí wọ́n pa Murtala Muhammed sínú ẹ̀ ní 1976 wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ọta ìbọn lára ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá, ó dáa gidi gan-an, ibẹ̀ ni mo máa ń sọ fún àwọn tíṣà pé kí wọ́n má sáré. Ẹ bá mi sọ ìtàn Dókítà Randle fún àwọn ọmọ: ìjọba òyìnbó ò gbà láti ṣe ibi ìwẹ̀ tí ọmọ Èkó ti lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, ni bàbá yìí bá fi owó ara ẹ̀ gbẹ́ swimming pool sí Oníkán ní 1928. Ìlú tí omi yí ká! Lẹ́yìn náà Freedom Park ní Broad Street, ẹ̀wọ̀n òyìnbó ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́, láti October 2010 ló ti di ọgbà ìgbafẹ́, ọmọ lè jókòó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù níbi tí wọ́n ti ń ti baba ńlá ẹ̀ mọ́lé. TBS (Tafawa Balewa Square) náà ò jìn, níbi tí wọ́n ti fa àsíá òyìnbó sọ̀kalẹ̀ ní 1960, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín dúró níbẹ̀ pẹ́, ẹṣin orí géètì yẹn ni ohun tó dùn wò jù.

Tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá ṣì le, ẹ rìn wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Mọ́sálásí Shitta-Bey wà ní Martins Street, 1894 ni wọ́n ṣí i, àwọn àgùdà tó ti Brazil dé ló ṣe iṣẹ́ ọnà tó wà lára ẹ̀. Pópó Àgùdà náà wà níbẹ̀ àti Iga Idunganran, ààfin Ọba. Ẹ ṣe kíá o. Ilojo Bar ní Tinubu Square, ilé àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba ti kéde pé ohun ìní àjogúnbá ni, wọ́n wó o lulẹ̀ ní September 2016, ní ọjọ́ ìsinmi lásán. Àwọn ọmọ tí mo gbé kọjá níbẹ̀ kí wọ́n tó wó o, mọ́ọ̀lù là ń lọ lọ́jọ́ náà, ẹnì kankan ò ní kí n dúró. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

(Tí ọdún Ẹ̀yọ̀ bá bọ́ sọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú, ẹ sún èsìkọ́ṣọ̀n síwájú, mo bẹ̀ yín. Kò sí bàtà, kò sí irun ṣùkú, kò sí ọ̀kadà, tíṣà tó bá wọ sálúbàtà lọ síbẹ̀ á fi ojú ara ẹ̀ rí ọ̀pámbàtà.)

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ tún bọ́ọ́lẹ̀ ní ìdúró National Theatre, ẹ wo ilé tó dà bíi fìlà ṣọ́jà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1976 fún FESTAC 77, tí wọ́n sọ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká ní 2024. Lẹ́yìn náà mo ti ń dúró dè yín ní Mile 2.

Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi àti praimari wán, ẹ má gbé wọn jìn rárá. Èbúté Mẹ́tta tó fún wọn. Ẹ wọ Red Line láti Múṣin tàbí Yaba dé Ọ̀yìngbò, òun náà ti ń gbé èrò láti October 2024, ẹ lọ wo Jaekel House nínú kọ̀ḿpáǹdì rélùwéè, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, àwọn nǹkan rélùwéè àtijọ́ wà nínú ẹ̀, ó tutù, igi pọ̀ níta, àwọn ọmọ lè jókòó sábẹ́ igi jẹun. Ọ̀pọ̀ yín ń gbé ìdajì wákàtí síbẹ̀, ẹ ò dé ibẹ̀ rí. Lẹ́bàá ibẹ̀ náà ni ìdúró Mobolaji Johnson wà, tí ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn ti ń gbéra, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ti àtijọ́ àti ti òde òní lọ́jọ́ kan náà.

Lekki Conservation Centre ńkọ́? Ó dáa, mi ò lè bú u, 78 hẹ́kítà igbó ni, ọ̀bọ wà, ọ̀kín wà, afárá orí igi tó gùn ní 401 mítà wà. Àmọ́ ibẹ̀ nìkan ni gbogbo yín mọ̀ tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ fẹ́ yí padà kúrò ní mọ́ọ̀lù, ojú ọ̀nà ibẹ̀ sì le. Ẹ fi sílẹ̀ fún sínínyọ̀, kí ọmọ má jẹ bisikíìtì lọ́wọ́ o, ọ̀bọ ibẹ̀ ò bẹ̀rù ẹnì kankan. Tarkwa Bay náà, sínínyọ̀ ni, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ omi yìí, mo mọ̀ pé ìyá ọmọ á ní ọmọ òun ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ wọ ọkọ̀ láti jẹ́tì tí ìjọba mọ̀, life jacket tó bá ọmọ mu kì í ṣe èyí tó ń bọ́ lọ́rùn ẹ̀, ẹ ka iye èèyàn tó wọ̀ ọ́, tó bá ti ju èyí tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ lọ ẹ sọ̀kalẹ̀, ojú ọjọ́ tó bá ti ṣú ẹ dúró, alẹ́ ò sí nínú ọ̀rọ̀ wa rárá. Tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ bá ní kẹ́ ẹ má janpata, ẹ janpata.

Ohun kejì tí ẹnì kankan kì í sọ ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ogójì ọmọ, wákàtí méjì. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ibikíbi, ẹ rán tíṣà kan lọ wò ó ní Sátidé, kó wo ibi tí wọ́n máa tọ̀, ibi tí wọ́n máa jẹun, ibi tí bọ́ọ̀sì máa dúró tí àwọn LASTMA ò ní gbé e. Èmi náà á bá a lọ, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà tó bá tẹ̀lé wọn, kó ti kàwé díẹ̀ nípa ibẹ̀. Mo ti rí tíṣà tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì mi ní Àgbádárìgì, ó ní oòrùn ti pọ̀, kí àwọn ọmọ máa lọ, òun á máa ṣọ́ báàgì. Àmọ́ mi ò dá tíṣà lẹ́bi tán, owó tẹ́ ẹ ń fún un kéré, ẹ ò sì sọ fún un títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ibẹ̀ là ń lọ.

Lórí owó, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìṣirò yín, mi ò ní wọlé síbẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kẹ́ ẹ kéde ibi tá a máa lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì tẹ́ẹ̀mù, kí àwa òbí máa tu owó jọ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ má fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní Tọ́sìdeè pé èsìkọ́ṣọ̀n ti di Fúráìdeè. Kí ọmọ tí òbí ẹ̀ ò bá rí san má jókòó sí kíláàsì nìkan lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí PTA jókòó lé èyí, nínú Coaster mi, ààyè ọmọ kan tàbí méjì ò ní pa èmi lára, mo ti sọ ọ́ fún sùkúù tó ń gbà mí, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí.

Tẹ́ẹ̀mù tuntun ń bọ̀, àwọn kan nínú yín ti ń pè mí pé báwo ni Fúráìdeè ìparí tẹ́ẹ̀mù ṣe rí. Mo ti ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Túsìdeè ṣófo.

Èmi ni ti yín,
Bàbá ọmọ, dírẹ́bà Coaster,
Bàrígà, Èkó.